Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àwọn Alàgbà tó fòfin de Kérésìmesì nínú ìjọ wa

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa nínú Ìgbìmọ̀ Àwọn Alàgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọmọ yín ni mí, ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín ní bòókẹ́lẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ ò fèsì. Ọ̀rọ̀ náà kan ohun tá a fi ń kọ́ ọmọ, mi ò sì lè gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ eléyìí síta, kí gbogbo ìjọ lè bá wa kà á.

Nínú ìkéde tẹ́ ẹ kà fún wa lẹ́yìn ìsìn, ẹ ní kò ní sí ìsìn Kérésìmesì mọ́ láti ọdún yìí lọ. Ẹ ní kí wọ́n kó igi Kérésìmesì dànù, kí wọ́n má tan àbẹ́là Àdífẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, mọ́, kí àwọn ọmọdé má sì ṣe eré ìbí Jésù mọ́. Ìdí mẹ́ta lẹ sọ: pé ọjọ́ ìbí Nímírọ́dù, ọba àtijọ́ inú Jẹ́nẹ́sísì, ni ọjọ́ 25 Oṣù Kejìlá, pé Jeremáyà orí kẹwàá ti ka igi Kérésìmesì léèwọ̀, àti pé àwọn kèfèrí Róòmù ló gbé gbogbo rẹ̀ lé ìjọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà lẹ wá ní ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é, òrìṣà ló ń bọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan dúró dè mí títí kíláàsì fi tú tán. Òun ló ṣe Màríà nínú eré lọ́dún tó kọjá. Ó há Lúùkù orí kejì sórí láti ẹsẹ kìíní dé ogún, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìwé ìkéde yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti pa á pọ̀ sí mẹ́rin, òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti rin ín. Ó ní, “Àǹtí, ṣé òrìṣà ni mo bọ lọ́dún tó kọjá?” Ẹnu mi wúwo. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sìn ín dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, mo ní màá dá a lóhùn. Ìdáhùn tí mo jẹ ẹ́ ni lẹ́tà yìí, ẹ̀yin gan-an ló sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

1. Lórí ọjọ́ 25 Oṣù Kejìlá

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Olúwa. Mátíù ò sọ, Lúùkù ò sọ. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn, mi ò yí i padà rí. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká ní a ò mọ ọjọ́ ìbí Rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ká gbé ọjọ́ tí ìjọ fi ń rántí Rẹ̀ fún òrìṣà.

Ẹ̀rí tó pẹ́ jù tó dájú lórí ọjọ́ yìí wà nínú ìwé kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní ọdún 354. Níbi tí wọ́n to ọjọ́ ìrántí àwọn ajẹ́rìíkú sí, wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ 25 Oṣù Kejìlá ni wọ́n bí Kristi ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ti Jùdíà. Àwọn onímọ̀ ní àfàìmọ̀ kí àkójọ náà má ti wà láti ọdún 336. Nínú ìwé kan náà, níbi tí wọ́n to àwọn àjọ̀dún ìlú sí, wọ́n pe ọjọ́ yẹn ní ọjọ́ ìbí Ẹni Tí A Kò Lè Ṣẹ́gun, wọ́n sì fi eré ìje kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọgbọ̀n sí i. Òrìṣà oòrùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọba Aurelian ti ya tẹ́ńpìlì ńlá kan sọ́tọ̀ fún un ní Róòmù ní ọdún 274. Ibí lẹ ti mú ọ̀rọ̀ yín, mi ò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin lẹ fi apá kejì pa mọ́ fún wa. Ìwé kan ṣoṣo yẹn ló gbé àjọ̀dún méjèèjì wá, kò sì sọ èyí tó ṣáájú. Ó sì ti tó àádọ́rin ọdún kí Aurelian tó kọ́ tẹ́ńpìlì rẹ̀ tí àwọn Kristẹni ti ń ṣírò ọjọ́ ìbí Jésù fúnra wọn. Ní nǹkan bí ọdún 200, Clement, olùkọ́ àgbà ní Alẹkisáńdíríà, kọ̀wé nípa àwọn tó ń wá ọjọ́ náà. Àwọn kan fi sí inú oṣù tá à ń pè ní Oṣù Karùn-ún lónìí, àwọn kan fi sí Oṣù Kẹrin. Kò sí àjọ̀dún oòrùn kankan nínú ìṣírò wọn.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà láyé ìgbà yẹn, pé ọjọ́ tí Olúwa kú náà ni ọjọ́ tí Màríà lóyún Rẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: ọjọ́ 25 Oṣù Kẹta ni wọ́n gbà pé Ó wọ inú ìyá Rẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni Ó sì jìyà. Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ìka kà á láti Oṣù Kẹta. Nígbà tí wọ́n ka oṣù mẹ́sàn-án pé, Oṣù Kejìlá ni wọ́n bá ara wọn, ni wọ́n bá hó yèè. Ní apá ìlà-oòrùn, ọjọ́ 6 Oṣù Kẹrin làwọn míì gbà pé Ó kú, oṣù mẹ́sàn-án láti ibẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ 6 Oṣù Kìíní. Títí dòní, ọjọ́ yẹn ni Ìjọ Àméníà ń ṣe ọdún ìbí Olúwa. Àwọn onímọ̀ kan di ti oòrùn mú, àwọn kan di ti ìṣírò mú, wọn ò tíì parí ẹjọ́ náà. Ẹ̀yin ti dá a, ẹ ò sì pe ẹlẹ́rìí kan.

Ẹ̀rù òrìṣà oòrùn ba àwọn bàbá ìjọ náà. Augustine dúró níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní nítorí Ẹni tó dá oòrùn ni a fi ń ya ọjọ́ yìí sọ́tọ̀, kì í ṣe nítorí oòrùn bíi tàwọn aláìgbàgbọ́. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, Póòpù Leo bá àwọn Kristẹni kan wí ní Róòmù, tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ tán, tí wọ́n á tún yíjú padà tẹrí ba fún oòrùn tó ń yọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà dé ojú ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn ju tiwa lọ? Síbẹ̀ wọn ò pa àjọ̀dún náà rẹ́, ṣe ni wọ́n jókòó ti àwọn èèyàn wọn, wọ́n kọ́ wọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

2. Lórí Nímírọ́dù

Jẹ́nẹ́sísì orí kẹwàá ní ọdẹ alágbára ni níwájú Olúwa, ó sì dárúkọ àwọn ìlú tó jọba lé. Kò sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kò sí òǹkọ̀wé àtijọ́ kankan tó sọ ọ́. Inú ìwé pélébé kan tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tẹ̀ jáde ní Scotland ní ọdún 1853 láti fi bá ìjọ Kátólíìkì jà ni ìtàn tó so Kérésìmesì mọ́ Nímírọ́dù àti Bábílónì ti gbilẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ìwé ńlá ní ọdún 1858. Ìwé tí kò tíì pé igba ọdún lẹ gbé sórí pẹpẹ bí ẹni pé Mósè ló kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹsẹ Bíbélì tó sọ ọjọ́ ìbí Nímírọ́dù fún wa ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Bí ẹ bá rí i, mo ti gbà.

3. Lórí igi

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká ka Jeremáyà 10 láti ẹsẹ kẹta dé ìkarùn-ún pọ̀, ká má ṣe dúró lójú “fàdákà àti wúrà”. Wọ́n gé igi nínú igbó, oníṣẹ́ ọnà fi irinṣẹ́ gbẹ́ ẹ, wọ́n fi fàdákà àti wúrà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ kó má baà yẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Kò lè rìn, àfi kí wọ́n gbé e. Wòlíì náà sì ní kí wọ́n má bẹ̀rù rẹ̀, torí kò lè ṣe ibi, kò sì lè ṣe rere. Ère gbígbẹ́ ni Jeremáyà ń bá wí. Ta ló máa ń sọ fún èèyàn pé kó má bẹ̀rù igi tí wọ́n so bébà aláràbarà mọ́? Àìsáyà orí kẹrìnlélógójì sọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́: ọkùnrin kan gé igi, ó fi ìdajì dáná yá, ó fi ìdajì tó kù gbẹ́ òrìṣà, ó sì wólẹ̀ fún un.

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ló wà láàárín Jeremáyà àti igi Kérésìmesì. Ilẹ̀ Jámánì àti agbègbè rẹ̀ ni ó ti jẹ yọ, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ẹnì kan tó kọ ohun tó rí ní Strasbourg ní ọdún 1605 sílẹ̀ ní, wọ́n ń gbé igi sínú yàrá, wọ́n ń so òdòdó rósì tí wọ́n fi bébà aláràbarà gé mọ́ ọn, pẹ̀lú èso ápù àti àkàrà pẹlẹbẹ. Ibí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ọjọ́ 24 Oṣù Kejìlá ni wọ́n fi ń rántí Ádámù àti Éfà ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n máa ń ṣe eré ọgbà Édẹ́nì, igi kan ṣoṣo tó sì máa ń wà nínú eré náà ni igi tí wọ́n so ápù mọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé igi Kérésìmesì kò ṣẹ̀yìn igi eré yẹn. Àkàrà pẹlẹbẹ náà jọ èyí tí wọ́n ń jẹ níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Èso tó mú wa ṣubú àti àkàrà tó gbé wa dìde, ẹ̀ka igi kan náà ni wọ́n so wọ́n kọ́. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́dún méje rí, ó yé e ju ìwàásù wákàtí kan lọ.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ra igi o. Ìjọ tí kò ní igi kò pàdánù nǹkan kan tí Jésù ní ká ṣe. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n, ẹ ní ó wọ́n. Bó bá ń gbàyè, ẹ ní ó ń gbàyè. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu Jeremáyà sọ ohun tí Jeremáyà ò sọ.

4. Lórí ibùjẹ ẹran àti eré àwọn ọmọdé

Eléyìí ló dùn mí dé eegun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ni mo ti rí àpótí eré wa. Ìrì ti sẹ̀ sí i. Ìyẹ́ áńgẹ́lì tí a fi páálí ṣe ti rọ. Ìránṣọ kan ti rọra ran ìborí Màríà níbi tó ti ya, òwú rẹ̀ ṣì ń tàn yanran. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ibùjẹ ẹran wà, tí bàbá kan nínú ìjọ yìí, tó ti sùn nínú Olúwa báyìí, fi àjákù pákó kàn fún wa. Ó fi bébà yanrìn ra gbogbo etí rẹ̀ kó má baà ha ọmọ lọ́wọ́. Bàbá yẹn ò bọ òrìṣà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Ní ọdún 1223, ní ìlú Greccio ní Ítálì, Francis ará Assisi ní kí wọ́n bá òun wá koríko gbígbẹ, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan. Ó fẹ́ kí àwọn ará abúlé fi ojú ara wọn rí ìnira tí ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù bá láyé, bí wọ́n ṣe tẹ́ Ẹ sórí koríko, tí kò ní ohun tí ọmọ tuntun nílò. Kò sí Nímírọ́dù níbẹ̀. Kò sí oòrùn. Ìwàásù ni, fún àwọn tí kò lè ka ìwé.

Àwọn nǹkan kan wà nínú eré náà tí kò sí nínú Ìwé Ìhìn Rere, mo sì ń sọ wọ́n fún àwọn ọmọ lọ́dọọdún. Lúùkù ò dárúkọ màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Inú Àìsáyà 1:3 ni wọ́n ti mú wọn wá, níbi tí màlúù ti mọ olówó rẹ̀, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì mọ ibùjẹ olúwa rẹ̀, ṣùgbọ́n tí Ísírẹ́lì ò mọ̀. Mátíù ò ní àwọn amòye jẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀bùn mẹ́ta ló kà. Inú ilé ni wọ́n sì ti bá Ọmọ náà. Bí ẹ bá fẹ́ tún eré náà ṣe, ibí ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni màá sì kọ́kọ́ dìde ràn yín lọ́wọ́.

Àbẹ́là Àdífẹ́ǹtì tẹ́ ẹ pè ní iná òrìṣà, ní Hamburg ni Johann Hinrich Wichern ti ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1839, ní ilé kan tó ti ń tọ́ ọmọ àwọn tálákà. Àwọn ọmọ náà ò yéé bi í léèrè pé ọjọ́ mélòó ló kù. Ó wá àgbá kẹ̀kẹ́ ẹrù àtijọ́ kan, ó to àbẹ́là yí i ká, ńlá mẹ́rin fún àwọn ọjọ́ Ìsinmi, kéékèèké fún àwọn ọjọ́ tó kù, wọ́n sì ń tan ọ̀kan lójoojúmọ́. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọdé mọ ohun tí ojú bàbá yẹn rí.

5. Lórí bàbá onírùngbọ̀n funfun

Bó bá jẹ́ Bàbá Kérésìmesì lẹ fẹ́ mú kúrò, ẹ̀yìn yín ni mo wà. Ara Nicholas ni wọ́n ti fà á yọ. Nicholas, bíṣọ́ọ̀bù Myra ní ilẹ̀ tá à ń pè ní Tọ́kì lónìí, èèyàn Ọlọ́run ni, ọjọ́ 6 Oṣù Kejìlá ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, ìtàn sì ní ó fi owó ran àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí bàbá wọn ò rówó ìgbéyàwó wọn lọ́wọ́ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ti ẹlẹ́wù pupa tó ń wọ ọkọ̀ tí ẹran ń fà lójú òfuurufú, ayé Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un kúrò, ẹnikẹ́ni ò ní sunkún.

6. Ohun tí mo gbà fún yín

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé ẹ ò ní ẹ̀rí kankan rárá. Ní ọdún 601, Póòpù Gregory kọ̀wé sí Mellitus tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má wó ilé òrìṣà àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n fọ́ òrìṣà inú rẹ̀, kí wọ́n wọ́n omi mímọ́ sí i, kí wọ́n sì fi àjọ̀dún Kristẹni rọ́pò ẹbọ wọn. Àwọn ará àríwá Yúróòpù náà ní ọdún ìgbà òtútù tiwọn kí ìhìn rere tó dé, orúkọ ọdún náà ò sì tíì kúrò lára Kérésìmesì ní àwọn orílẹ̀-èdè kan níbẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo èyí.

Kí ló wá fi hàn? Ó fi hàn pé àwọn tó ti ń bọ òrìṣà yí padà, wọ́n sì mú ìdùnnú wọn tẹ̀ lé ọ̀nà Kristi. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:11 sọ pé ọkọ̀ òkun tó gbé Pọ́ọ̀lù kúrò ní Mẹ́lítà, àmì àwọn òrìṣà ìbejì ilẹ̀ Gíríìsì ló wà níwájú rẹ̀. Lúùkù rí àmì náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù wọ ọkọ̀ náà, ó sì gbé ìhìn rere dé Róòmù.

7. Lórí pé Bíbélì ò pàṣẹ rẹ̀

Ká ní èyí nìkan lẹ sọ ni, mi ò bá máà kọ̀wé yìí. Àwọn ará wa kan láyé àtijọ́ dúró lórí rẹ̀. Ní ọdún 1647, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de Kérésìmesì. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1659, ṣílè márùn-ún ni owó ìtanràn ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn, wọn ò sì fagi lé òfin náà títí di 1681.

Ẹ wo Jòhánù 10:22. Àjọ̀dún ìyàsímímọ́ ni wọ́n ń ṣe ní Jerúsálẹ́mù, ìgbà òtútù ni, Jésù sì ń rìn nínú tẹ́ńpìlì ní ìloro Sólómọ́nì. Àjọ̀dún yẹn ò sí nínú òfin Mósè. Ìgbà tí Júdásì Makabéù gba tẹ́ńpìlì padà lọ́wọ́ àwọn tó sọ ọ́ di aláìmọ́, tó sì tún un yà sí mímọ́ ní ọdún 164 ṣáájú ìbí Kristi, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Èèyàn ló dá a sílẹ̀ láti fi rántí oore Ọlọ́run. Olúwa wà níbẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe é. Pọ́ọ̀lù náà ní Róòmù 14 sọ pé ẹni tó ka ọjọ́ kan sí pàtàkì, fún Olúwa ló ń kà á sí. Kí ó dá olúkúlùkù lójú lọ́kàn ara rẹ̀. Ìkéde yín ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ọkàn olúkúlùkù.

8. Ohun tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ wa

“Ọ̀rọ̀ náà sì di ara.” Ohun tá à ń ṣe lọ́jọ́ yẹn kò ju èyí lọ. Ìgbà tí ọdún yìí ń gbilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ni ìjọ ń jà lórí ẹni tí Jésù jẹ́, tí wọ́n pe ìpàdé Niséà ní ọdún 325 nítorí àwọn tó ní ẹ̀dá lásán ni. Àjọ̀dún tó ń sọ pé Ọlọ́run tòótọ́ sunkún lọ́wọ́ ìyá, wọ́n gé ìwọ́ Rẹ̀, wọ́n fi ọ̀já wé E, Ó mu ọmú, ìdáhùn ni sí ìjà yẹn. Àwọn ọmọ mi ò lè sọ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Niséà tán, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọlangidi sínú ibùjẹ ẹran, tí gbogbo wọn dákẹ́ lójijì, tí ọ̀kan sọ fún èkejì pé kó má pariwo kí Jésù má baà jí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò ìyẹn?

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Àkọ́kọ́, kí ẹ dìde lórí pẹpẹ kan náà tẹ́ ẹ ti ka ìkéde, kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ “òrìṣà” kúrò, kí ẹ sì sọ pé ẹ yọ ọ́. Ìkejì, kí ẹ pe gbogbo ìjọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì kan ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Àdífẹ́ǹtì, ká ṣí Jeremáyà 10, Lúùkù 2, Mátíù 2 àti Róòmù 14, kí àwọn tó gbà pẹ̀lú yín àti àwọn tí kò gbà sọ tẹnu wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gba Kérésìmesì, kó má ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì bú u. Ìkẹta, kí ẹ dá eré àwọn ọmọdé padà. Bí ọjọ́ 25 Oṣù Kejìlá bá ṣì ń kọ yín lóminú, ẹ fi sí ọjọ́ 6 Oṣù Kìíní, tàbí ọjọ́ Ìsinmi èyíkéyìí tó wù yín. A ò mọ ọjọ́ náà, gbogbo wa la jọ gbà bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin, mo sì bẹ̀ yín lórí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí ẹnì kan nínú yín, kó máà jẹ́ èmi, wá sí kíláàsì mi lọ́jọ́ Ìsinmi, kó pe ọmọbìnrin yẹn, kó sì sọ fún un pé kò bọ òrìṣà. Ó máa ń jókòó sórí àga kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo ti gbé àpótí náà lọ sílé. Mo ti sá a gbẹ, mo sì ti tún ìyẹ́ áńgẹ́lì náà lẹ̀. Bí ẹ bá ránṣẹ́, mo máa gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni ọmọ yín,
Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kíláàsì àwọn ọmọdé